Kí Ẹ Tó Lé Dẹ̀rẹ́bà Yín Nítorí Bátìrì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n bá àwọn ìyá wa ọlọ́jà àti gbogbo ẹni tó ní mọ́tò akẹ́rù sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe nílùú Ìbàdàn, iná mọ́tò ni mo fi ń jẹun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé bí mọ́tò bá ti kọ̀ láàárọ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: "Bátìrì ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Owó bátìrì sì rèé, kì í ṣe owó ẹ̀pà!

Bátìrì dà bí àmù omi inú ilé. Alternator, tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, òun lọmọ tó ń pọnmi sínú àmù. Bí ẹ bá jí tí ẹ ò bá omi, ó lè jẹ́ pé àmù ti sán, ó lè jẹ́ pé ọmọ ò pọnmi, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ń bu omi lóru. Ẹni tó bá sáré ra àmù tuntun láìwádìí, ṣebí omi tibẹ̀ náà á tún tán ni.

Ìyá kan tó ń ta ata ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, mi ò ní dárúkọ. Wọ́n ní bọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń kó ata láti ọjà Ṣáṣá ní ìdájí. Láàárín oṣù márùn-ún, bátìrì mẹ́ta ni wọ́n rà. Àwọn aládùúgbò bá ní dẹ̀rẹ́bà ló ń yọ tuntun tà, tó ń fi ògbólógbòó rọ́pò. Ìyá di owó oṣù ọmọ náà mú, wọ́n ní téṣàn ọlọ́pàá ló kàn. Bàbá ọmọ yìí ni wọ́n wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, omi ti lé ròrò sí wọn lójú. Mo ní kí wọ́n lọ bẹ ìyá kí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì náà wá.

Mo bi dẹ̀rẹ́bà léèrè: "Ọjọ́ wo ló máa ń kọ̀?"

"Ọ̀gá, àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ṣáá."

Háà! Olè wo ló ń jalè lọ́jọ́ Ajé nìkan? Bọ́ọ̀sì náà kì í jáde lọ́jọ́ Àìkú, láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ti ń sùn.

Mo ṣájì bátìrì kún, mo jẹ́ kó sinmi, mo fi mítà wò ó: 12.6 volt. Ohun tó yẹ kí bátìrì tó kún gbé nìyẹn. Bó bá já sí 12.2, bí ìdajì ló kù. A ṣíná sí ẹ́ńjìnnì, mítà lọ sí 14.1. Láti 13.8 sí 14.7 ló dáa, nítorí náà ọmọ ń pọnmi. Ó wá ku ẹni tó ń bu ú lóru.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, a ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo tú wáyà négétíìfù lórí bátìrì, mo fi mítà sáàárín òun àti bátìrì láti mọ iye iná tó ń kọjá. (Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣíná sí mọ́tò lásìkò yìí o, mítà á jó!) Mọ́tò tó ń sùn kì í sábà jẹ ju 0.05 amp lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ní kọ̀ǹpútà máa ń pẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó sùn tán. Tìyá aláta ń jẹ 0.86! Mo ń yọ fíúùsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí mo ti yọ ti iná inú mọ́tò báyìí, mítà já sí 0.03.

Gílóòbù méjì ni wọ́n fi síbi ẹrù lẹ́yìn kí wọ́n lè máa ríran kó ata. Ó yẹ kó kú bí ilẹ̀kùn bá ti dé, ṣùgbọ́n súìṣì ẹnu ilẹ̀kùn ti há. Ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì ò sì ní fèrèsé, ta ló máa rí i? Ìyá ò kọ́kọ́ gbà. Mo ní kí wọ́n tan fóònù wọn kó máa ya fídíò, a gbé e sẹ́yìn, a tilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n wo fídíò náà, iná ń tàn gbàà. Ìyá ò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 0.83 amp fún wákàtí 36, láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé sí ìdájí ọjọ́ Ajé, ó di bí 30. Bátìrì tí wọ́n kọ 50 sí lára ni. Ó ti lọ ju ìdajì lọ! Bí bátìrì bá sì ń gbẹ báyìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á bàjẹ́ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí tuntun náà fi ń kú. Súìṣì tá a pààrọ̀ ò tó nǹkankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó bátìrì kan. Ìyá san owó oṣù ọmọ náà pé, wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ti ríṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Tó bá jẹ́ alternator ni kò ṣiṣẹ́, iná pupa tó ní àwòrán bátìrì níwájú dẹ̀rẹ́bà á sọ fún yín. Ó yẹ kó tàn bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, kó sì kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá kú, ẹ kọ́kọ́ wo fáńbẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti dẹ̀, kí ẹ wo orí bátìrì bóyá ó ti hu ẹbu funfun tàbí ó ti ṣò. Ẹ pa mọ́tò, omi gbígbóná á fọ ẹbu yẹn kúrò.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń fa orí bátìrì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn ń dán alternator wò. Ó lè ba alternator tó dáa jẹ́, ó sì lè jó kọ̀ǹpútà mọ́tò. Bí ẹ bá rí ẹni tó fẹ́ ṣe é sí mọ́tò yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀.