A Kì Í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Ẹni tó bá fẹ́ kí ìjọba ṣe nǹkan fún àwọn ọmọ tí kò rí iléèwé lọ gbọ́dọ̀ mọ iye wọn. Bẹ́ẹ̀ Yorùbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Àárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, tí mo gba iṣẹ́ ní àjọ kékeré kan n'Ìbàdàn tó ń ṣe alágbàwí fún ọmọdé àti ìdílé tí kò rọ́wọ́ họrí. Ìyá àgbà tó dá àjọ náà sílẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ̀mí, kò kọ́kọ́ fún mi ní ìwé òfin kà. Ó ní kí n wá bàtà tí kò ní máa dùn mí lẹ́sẹ̀ wọ̀, kí n máa tẹ̀ lé òun.

Àwọn agboolé tó wà láàárín Bẹẹrẹ sí Ọjà'ba la máa ń lọ jù. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń kágò, kí n sì dúró títí onílé yóò fi dáhùn. Mo kọ́ pé inú báàgì ni bírò àti ìwé ń gbé, nítorí ẹni tó bá gbé ìwé dání wọ agboolé, wolé-wolé tàbí agbowó-orí ni wọ́n máa kà á sí, ọ̀rọ̀ á sì ti bàjẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Mọ̀mí á kí wọn kú iṣẹ́, á kí wọn kú àbójútó àwọn ọmọ, á fa àpótí mọ́ra, á jókòó ti ìyá tó ń bó ẹ̀gúsí, á sì máa bá a bó o. Kò ní béèrè láé pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí. Ohun tó máa ń bi wọ́n ni pé, "Ìyá ta ni kí n máa pè yín?" Orúkọ àkọ́bí ti jáde nìyẹn. Bó bá yá, á ní, "Aṣọ iléèwé ta lẹ sá sórí okùn yìí?" "Ta ló ń bá yín pọnmi láàárọ̀?" "Èyí tẹ́ ẹ pọ̀n yìí, ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀?" Nígbà tí a bá fi máa dágbére, a ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ ilé. A mọ ẹni tó ń lọ síléèwé. A sì mọ ẹni tí orúkọ rẹ̀ bọ́ sẹ́nu ìyá rẹ̀ tí ìyá sì yára bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹni yẹn gan-an la wá wá. Ó di ọ́fíìsì kí a tó kọ ohunkóhun sílẹ̀. Orúkọ là ń kà níbẹ̀, a kì í ka ọmọ.

Mo fẹ́ràn apá iṣẹ́ yìí ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti ìyá kan títí ọ̀rọ̀ yóò fi wá fúnra rẹ̀, tó ń wo aago, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Mọ̀mí máa ń sọ fún wa pé òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìkanlẹ̀kùn yìí. Marian Wright Edelman, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tó jẹ́ agbẹjọ́rò, dá Children's Defense Fund sílẹ̀ lọ́dún 1973. Ó rí i nínú ìwé ètò ìkànìyàn wọn pé nǹkan bí 750,000 ọmọ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 7 sí 13 ni kò lọ síléèwé. Ìwé yẹn kò sọ ìdí. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, ìlú New Bedford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts sì wà lára ibi tí wọ́n dé. Ohun tí wọ́n bá nínú ilé ni ọmọ tí kò ríran, ọmọ tí kò gbọ́ràn, ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ, tí iléèwé kò ṣe ètò kankan fún. Wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde lọ́dún 1974. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin pé kí iléèwé ìjọba kọ́ gbogbo ọmọ tó ní ìpèníjà ara. Gbogbo ìgbà tí Mọ̀mí bá ti sọ ìtàn yìí tán, á ní kí a dìde, ká máa lọ.

Ní àdúgbò kan, àwọn ìyá kọ́kọ́ sọ fún wa pé ara ọmọ ni kò yá. Mọ̀mí gbà, ó ṣàdúrà fún ọmọ, a lọ. A tún padà wá. Ìgbà tí a ti di ojúlùmọ̀ ni òótọ́ tó jáde. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba tó wà níbẹ̀ kò ní àga tó, wọ́n sì ti ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé àga àti tábìlì tirẹ̀ wá. Ọmọ tí kò bá rí i gbé wá á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á máa fi itan ṣe tábìlì. Ilẹ̀ yẹn kì í jẹ́ kí aṣọ iléèwé mọ́, ọṣẹ sì wọ́n. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ tútù sọ fún wa, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀, pé àga kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ òun méjèèjì ń lò: ẹ̀gbọ́n á lọ lónìí, àbúrò á lọ lọ́la.

Ó rọrùn láti ra àga. Oníṣòwò kan tó máa ń ṣe àjọ wa lóore ti múra tán láti san owó káfíńtà. Mọ̀mí dúpẹ́ títí lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó fi owó náà ra aṣọ iléèwé, kó fi ọ̀rọ̀ àga sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ gbèsè rẹ̀. Ó ní, "Bí a bá ra ti iléèwé yìí, ta ni yóò ra ti èyí tó wà lódìkejì odò?" Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí a ń ṣe. A kò wá láti fi àánú wa dípò ohun tí òfin ti fún àwọn ọmọ.

Ìgbà yẹn ni Mọ̀mí tó gbé ìwé òfin fún mi. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí gbogbo ayé ń pè ní UBE, ti ọdún 2004, ka àwọn ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ rí gbà láìsan owó: ìwé, ohun èlò ìkọ́ni, yàrá ìkàwé, àga àti tábìlì, àti oúnjẹ ọ̀sán. Àga wà níbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ gbòògì. Òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá gba owó lórí àwọn nǹkan wọ̀nyí lè san owó ìtanràn tó tó 10,000 náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù 3, tàbí méjèèjì. Àwọn òbí mọ apá tó bá tiwọn wí, pé ẹni tí kò bá rán ọmọ lọ síléèwé lè fojú balé ẹjọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òfin yẹn de ìjọba náà. Inú máa ń bí mi tí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní.

Mo kọ́ pé kò tó kí òfin wà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí wọ́n ṣe l'Abuja lọ́dún 2003 kò lè rìn ní ìpínlẹ̀ kankan àfi tí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà bá sọ ọ́ di tirẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọdé wà lábẹ́ àṣẹ ìpínlẹ̀. Ọdún 2007 ni Èkó tó ṣe tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó ṣe rí. Òfin UBE ní kí ìjọba àpapọ̀ ya ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò àgbà rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ fi owó tirẹ̀ tì í. Bí ìpínlẹ̀ kò bá mú tirẹ̀ wá, owó náà á wà l'Abuja, ọmọ á sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nítorí náà, kí Mọ̀mí tó kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ bi wá pé, "Ta ló lè fọwọ́ sí i?" Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, ariwo lásán là ń lọ pa. Olùkọ́ àgbà iléèwé yẹn kò lágbára láti ra àga kan. Ẹni tó bá lọ jágbe mọ́ ọn ti ṣẹ aláìṣẹ̀, ó sì ti sọ ẹni tó lè gbè é di ọ̀tá.

Àsìkò tún wà nínú rẹ̀. Oṣù Kìn-ín-ní ni ọdún ìsúná ń bẹ̀rẹ̀, ìparí ọdún tó ṣáájú ni gómìnà sì máa ń gbé àbá rẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin. Ẹni tó bá dúró dìgbà yẹn kó tó sọ̀rọ̀ ti pẹ́. Láàárín ọdún ni iléeṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan ti ń kọ ohun tí yóò béèrè, ìgbà yẹn ló yẹ kí lẹ́tà ti wà lórí tábìlì wọn.

Lẹ́tà yẹn gbà mí lákòókò láti mọ̀ ọ́n kọ. Ojú ìwé kan ni Mọ̀mí máa ń gbà, kò ní ka èkejì. Ohun kan ṣoṣo ni kí a béèrè. Ó ní kí n wo Eglantyne Jebb, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì tó wà lára àwọn tó dá Save the Children sílẹ̀ lọ́dún 1919. Àwọn ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù ti mú un lọ́dún yẹn nítorí ó ń pín ìwé tó ní àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ń pa ní ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun nínú ogun. Ìkéde ẹ̀tọ́ ọmọdé tó kọ kò ju kókó márùn-ún lọ. Ìmùlẹ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè gbà á wọlé ní Geneva lọ́dún 1924, lára rẹ̀ sì ni ìwé àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1989 ti hù jáde, èyí tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́dún 1991.

Àpẹẹrẹ ilé tún ń bẹ. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, S. O. Awokoya tó jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ ti gbé ìwé àbá lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ lọ́dún 1952. Ìwé ló ṣáájú. Àwa náà ń gbé lẹ́tà tiwa lọ sí Agodi, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà n'Ìbàdàn.

Nínú lẹ́tà àga, Mọ̀mí kọ́ mi láti fi ọ̀rọ̀ tí ìjọba ti sọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Lọ́jọ́ tí Gómìnà Ṣèyí Mákindé búra wọlé, 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ó fagi lé 3,000 náírà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ iléèwé ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. A kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹrù tí ìjọba sọ̀ kalẹ̀ lórí òbí lọ́jọ́ yẹn, kí àga má tún gbé e padà. Kò sí èébú nínú rẹ̀. Ẹni tó máa kà á á rí i pé ohun tí òun náà gbà gbọ́ la ń bá òun sọ.

A kò fi fọ́tò ọmọ kankan sí i. Lórí èyí, Mọ̀mí kì í gba àlàyé. Ọmọ tí a ya níbi tó ti ń sunkún nílẹ̀ẹ́lẹ̀ yóò dàgbà, yóò ní ọkọ tàbí aya, yóò ní àna, fọ́tò yẹn yóò sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ń fún wa lówó máa ń béèrè fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Yàrá ìkàwé tó ṣófo la fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tí ìyẹn kò bá tó fún, a kò lè fi ojú ọmọ ọlọ́mọ ṣe ìpolówó fún un.

Lẹ́yìn lẹ́tà ni lílọ àti bíbọ̀. Mo kọ́ láti gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé lẹ́tà kò dé. Mo kọ́ láti kí akọ̀wé tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà bí mo ṣe ń kí ọ̀gá inú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni fáìlì wà. Nígbà tí a fẹ́ mọ iye tí wọ́n ná lórí àga, a lo òfin ọdún 2011 tó fún ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, tó sì fún ọ́fíìsì tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 7 láti fèsì.

Nígbà tí àwọn aṣòfin pe ìpàdé ìtagbangba lórí ìsúná, mo rò pé Mọ̀mí ni yóò sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ló lọ jókòó sí, ó sì fà mí jókòó tì í. Ìyá ẹlẹ́kọ ló dìde. A ti jọ jókòó lálaalẹ́ sẹ́yìn, kì í ṣe láti kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀, bí kò ṣe láti jẹ́ kó mọ ẹni tó máa wà níbẹ̀ àti ohun tó wà ní ìkáwọ́ wọn. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó dìde, ó sì sọ ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń pín àga. Alága bi í pé, "Ìyá, àga mélòó ni ẹ fẹ́?" Ó dá a lóhùn láti kíláàsì kìn-ín-ní dé ìkẹfà láìwo ìwé. Aṣòfin kan ní kó tún un sọ kí òun lè kọ ọ́.

Owó àga wọ ìwé ìsúná ọdún yẹn. Owó tó wà nínú ìwé kò tíì di àga, apá tí mo ń kọ́ lọ́wọ́ báyìí nìyẹn: bí a ṣe ń tọpa owó láti ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí i títí dìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́, tí agbaṣẹ́ṣe gbà á, tí ọkọ̀ já igi sílẹ̀ níwájú iléèwé. Ti kíláàsì kìn-ín-ní sí ìkẹta ti dé. Ti ìyókù kò tíì dé, èmi àti ìyá ẹlẹ́kọ sì ti kọ lẹ́tà mìíràn láti béèrè ìwé tó fi hàn ibi tí owó náà dúró sí.