Ẹsẹ̀ Ọkọ̀

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ sípíríǹgì ọkọ̀ ni mo gbé wá sí ojú ewé tí a ti sábà máa ń jíròrò lórí àrànmọ́ àti ìpajẹ. Ohun tí ó dé bá mi ni mo fẹ́ sọ, n ó sì ti ibi pẹlẹbẹ mú ọ̀ọ̀lẹ̀ rẹ̀ jẹ.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Àbúrò mi ọkùnrin ni ó rà á ní tòkunbọ̀ ní ọdún 2021: Toyota Celica pupa, onílẹ̀kùn méjì, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ilẹ̀ Japan ní ọdún 1999. Nígbà tí ó ń lọ sí ìlú Manchester ní ọdún 2023, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ó ní, ‘Bọ̀dá mi, ẹ máa bá mi wà á, kí ó má baà jókòó sójú kan. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á.’ Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú orúkọ Celica. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ‘ti ọ̀run’. Ohun tí kò bá orúkọ náà mu ni pé ọkọ̀ yìí sún mọ́ ilẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Èmi rò pé bí wọ́n ti ṣe é nìyẹn.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2024, èmi àti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Iléṣà. Òjò ti rọ̀, ó ti dá, ṣùgbọ́n ojú títì ṣì tutù. Ó kù díẹ̀ kí a dé Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà nígbà tí a bọ́ sí kọ́nà kan. N kò sáré. Ohun tí aago ọkọ̀ ń sọ kò tó 70 kìlómítà ní wákàtí. Ní àárín kọ́nà náà gan-an ni táyà iwájú gun ibi tí ọ̀dà ti sún jọ bí ebè. Mo gbọ́ gbàù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, bí ẹni pé a fi ọmọ odó lu ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ sì bọ́ lọ́wọ́ mi. N kò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́. Mo yí ìdarí, kò gbọ́. Iwájú rẹ̀ ń lọ tààrà sí apá ọ̀dọ̀ àwọn tí ń bọ̀. Iná ọkọ̀ akẹ́rù kan ti yọ lókè. Kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, táyà ti tún gba ilẹ̀ mú, a sì padà sí apá tiwa. Ọmọ mi kò sunkún. Ohun tí ó bi mí ni pé, ‘Dádì, ṣé ọkọ̀ yìí ń bínú ni?’

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ bàbá mẹkáníìkì tí ó ti ń tọ́jú ọkọ̀ bàbá mi láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bàbá fi jáàkì gbé e, ó tú táyà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì pè mí. ‘Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí.’

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún àpẹẹrẹ yín. Nínú èdè àwọn mẹkáníìkì wa, gbogbo ohun tí ó so táyà mọ́ ara ọkọ̀, ìbáà ṣe sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì, búṣì tàbí apá irin, ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Kò sí ìgbìmọ̀ èdè-ìperí kankan tí ó jókòó ṣe é, síbẹ̀ ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwa olùkọ́ fúnra wa ti hun lọ.

Ayùn ni wọ́n fi gé ìyípo kan kúrò lára sípíríǹgì kọ̀ọ̀kan. Mo pe àbúrò mi lórí fóònù, ó sì jẹ́wọ́ pé wẹ́dà kan ni ó bá òun ṣe é kí òun tó rìnrìn-àjò, nítorí pé ó wu òun kí ọkọ̀ náà lúgọ sílẹ̀ bí èyí tí òun ń rí nínú fíìmù. N kò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìpetu fún un.

Olùkọ́ físíìsì ilé-ẹ̀kọ́ wa ni ó là mí lóye. Láti ọdún 1678 ni Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti tẹ òfin rẹ̀ jáde: sípíríǹgì tí ó bá rì ní 1 sẹ̀ǹtímítà lábẹ́ 25 kìló yóò rì ní 2 lábẹ́ 50. Ohun tí ń pinnu líle rẹ̀ ni bí irin rẹ̀ ti nípọn tó, bí òbìrí rẹ̀ ti fẹ̀ tó, àti iye ìyípo tí ó ní. Bí ìyípo bá jẹ́ 6, tí a gé 1, líle rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Ní ti ìnípọn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ lágbára: irin 12 mílímítà tí ó di 13 péré, líle rẹ̀ yóò fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe sípíríǹgì fún rírẹ ọkọ̀ sílẹ̀ kì í fi í gé ti tẹ́lẹ̀. Irin mìíràn ni wọ́n ń ká. Ọkọ̀ wa ti pàdánù púpọ̀ nínú àyè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi ń gòkè, líle tí ó rí gbà dípò rẹ̀ kò sì tó. Nígbà tí táyà gun ebè ọ̀dà, ẹsẹ̀ lọ kan rọ́bà ìdádúró. Ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, Celica kò ní sípíríǹgì mọ́. Ó di ọmọlanke.

Inú àbúrò mi bàjẹ́ sí ọ̀rọ̀ gígé náà. Kò tó oṣù kan tí ó fi rán sípíríǹgì mẹ́rin tuntun sí mi nípasẹ̀ ẹni tí ń bọ̀ wálé, ojúlówó, èyí tí ilé-iṣẹ́ ká láti rẹ Celica sílẹ̀ ní 30 mílímítà. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe níbẹ̀. Mo mọ ohun tí owó náà ná an. Ó ní, ‘Bọ̀dá mi, bí ọkọ̀ bá ti sún mọ́ ilẹ̀ tó ni ó ń di ilẹ̀ mú tó.’

Irọ́ kọ́. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ìwúwo a máa kúrò lórí táyà inú lọ sí orí ti òde, bí àárín ìwúwo bá sì ti ga tó ni èyí ń pọ̀ tó. Bí àárín ìwúwo bá fi 50 sẹ̀ǹtímítà ga sí ilẹ̀, tí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní 3, èrè wa jẹ́ ìdá 6 nínú 100. Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá mo ṣì í.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ iwájú Celica yìí jẹ́ irú èyí tí à ń pè ní MacPherson, orúkọ Earle MacPherson, ẹnjiníà ará Amẹ́ríkà. Ford lò ó fún ọkọ̀ Consul ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1950. Ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì dúró lóòró bí òpó, apá irin kan ṣoṣo sì di ìsàlẹ̀ wọn mú. Bí a bá rẹ ọkọ̀ sílẹ̀, apá náà yóò dà gẹ̀rẹ̀, ìhà ọ̀dọ̀ táyà yóò ga ju ìhà ọ̀dọ̀ ara ọkọ̀ lọ. Ojú ibi tí ara ọkọ̀ fi ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ yóò wá rì ju bí àárín ìwúwo fúnra rẹ̀ ti rì lọ. Nítorí náà, ọkọ̀ tí a rẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà tẹ̀ ní kọ́nà lè máa tẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, àfi bí sípíríǹgì rẹ̀ bá le gan-an. Èyí ni ó yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì líle ń fẹ́ ṣọ́ọ̀kì tí ó lè kápá rẹ̀. Sípíríǹgì a máa gba agbára pamọ́, a sì máa dá a padà. Ṣọ́ọ̀kì ni ó ń sọ agbára náà di ooru, nípa fífi ipá mú òróró gba ojú ihò wẹ́wẹ́. Ti ọkọ̀ wa ti ń jò.

Bàbá kò bá mi ṣírò kankan ní tirẹ̀. Gbígbé ọkọ̀ sókè ni iṣẹ́ tí àwọn oníbàárà ń gbé wá fún un, nítorí kòtò. Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn sípíríǹgì náà wò lọ́wọ́, ó yí i síwá sẹ́yìn. ‘Irin gidi ni,’ ó ní. ‘Títì tí yóò rìn ni kò tíì dé, Tíṣà.’ Mo ní gbígbé ọkọ̀ sókè pàápàá ní àléébù tirẹ̀. Ó ní òun mọ̀, àwọn oníbàárà kì í béèrè ni.

Níkẹyìn, mo ra sípíríǹgì tí gíga rẹ̀ jẹ́ bí ti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin tí wọ́n le ju ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀, àti búṣì. A tún tọ́ ìdúró táyà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú méjèèjì ti jẹ tán. Ó wù mí kí n fi sìtébíláísà tí ó nípọn kún un, ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, èyí tí ń dín títẹ̀ kù láì rẹ ọkọ̀ sílẹ̀. Owó tán. Ohun tí mo ná ti ju owó oṣù méjì lọ, n kò sì sọ iye rẹ̀ gan-an fún ìyá ọmọ mi. Ó mọ̀.

Ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò mi pè. ‘Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti fi wọ́n sí i?’ Ọjọ́ náà ni mo tó sọ ọ̀rọ̀ Ìpetu fún un: òjò, kọ́nà, iná ọkọ̀ akẹ́rù, ìbéèrè tí ọmọ bi mí. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé fóònù ti já. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè bí ọmọ náà bá ṣì ń gbà láti wọ ọkọ̀ òun. Mo ní òun gan-an ni ó ń bá mi fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé.

‘Ẹ bá mi tọ́jú sípíríǹgì wọ̀nyẹn, ẹ̀gbọ́n mi,’ ó ní.

Wọ́n ṣì wà lábẹ́ ibùsùn wa, nínú páálí wọn.