Ayálégbé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu àwọn ọmọ ni mo ti kọ́ ìdajì rẹ̀. Ìdajì kejì, ilé yíyá ní Èkó ni ó kọ́ mi.

Ní Ìṣẹ̀rí-Olófin níbi tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ilé yíyá jẹ́. Ayálégbé mọ owó ilé, ó mọ owó àgírímẹ́ǹtì, ó mọ owó ajẹ́ńtì, ó sì mọ ọjọ́ tí onílé yóò kan ilẹ̀kùn. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ọmọ mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ èdè Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ wa wá bá mi pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ yá sáfà, a ò mọ èyí tí a ó mú," mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣàlàyé.

Eré Minecraft ni wọ́n ń ṣe, èyí tí ènìyàn fi ń to búlọ́ọ̀kù lé ara wọn títí yóò fi di ilé, tí ilé yóò sì di ìlú. Ìlú àwọn Àwórì ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kọ́ sínú rẹ̀: odò Ògùn, ààfin, ọjà, àti àwo tí ìtàn sọ pé Olófin àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀ lé lójú omi títí ó fi rì, tí a fi ń pè wọ́n ní Àwórì. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ gbogbo pátákó inú ìlú náà, pẹ̀lú àmì ohùn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ni. Ṣùgbọ́n orí sáfà ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, òfin ibẹ̀ sì ni pé bí ọjọ́ mélòó kan bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wọlé, wọn yóò pa ìlú náà rẹ́. Ìdánwò ìparí sáà ń bọ̀. Ta ni yóò máa wọlé?

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí kì í sùn, tí fóònù àti kọ̀ǹpútà gbogbo àwọn tó ń ṣeré ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ kan bá gbé búlọ́ọ̀kù kan kúrò láti ilé rẹ̀ ní Ìgàndó, sáfà ni yóò sọ fún ẹni tó wà ní Ìdímù pé búlọ́ọ̀kù ti kúrò níbẹ̀. Òun ni ojúde tí eré ti ń wáyé. Bí wọ́n bá ti ojúde pa, eré parí.

Ibi tí ojúde náà wà ṣe pàtàkì. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú okùn abẹ́ òkun ń sáré nǹkan bí kìlómítà 200,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Okùn MainOne, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010, gùn tó nǹkan bí kìlómítà 7,000 láti Potogí wá sí Èkó. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 14,000. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ pín in: ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú-àáyá kan ni, kí a tó ka ìdádúró mìíràn lójú ọ̀nà. Fún ẹni tó ń ka ìwé, kò tó nǹkan. Fún ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú eré, wọ́n ti gbá gọ́ọ̀lù wọlé kí ó tó rí bọ́ọ̀lù.

Okùn a sì máa já. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, okùn mẹ́rin bàjẹ́ lábẹ́ òkun lápá Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì kan àwọn báǹkì wa pàápàá. Ẹni tí sáfà rẹ̀ wà ní Èkó, tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì wà ní Èkó, kò yẹ kí ó la òkun kọjá kí ó tó kí aládùúgbò rẹ̀, bí àwọn ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì wọn bá ti jọ ń pàdé níhìn-ín. Ilé ńláńlá tí a ń kó sáfà sí sì ti wà nílùú wa: Rack Centre ní Orégùn láti 2013, àti èyí tí MDXi ṣí ní Lẹ́kí ní 2015.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ọmọ náà ní. Èkínní ni ọ̀fẹ́. Àwọn baba wa ní sòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni: bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Yahoo fi àyè GeoCities sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti kọ ohun tó wù wọ́n. Ní oṣù kẹwàá 2009, ó tì í pa, ẹni tí kò tíì kó ẹrù rẹ̀ sì pàdánù. Èkejì ni kí wọ́n lo kọ̀ǹpútà bàbá ọ̀kan nínú wọn nílé. Tiwa-n-tiwa ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, ìlú lọ. Kò sì sí bàbá tí yóò máa ra epo sínú jẹnẹrétọ̀ nítorí ààfin inú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀kẹta ni kí a sanwó. Ṣùgbọ́n dọ́là ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń yáni ní sáfà ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí náírà 460 ní ọjà ìjọba. Ní ìparí 2024, ó ti kọjá 1,500. Sáfà dọ́là 10 tí ó jẹ́ náírà 4,600 lóṣù di ohun tó ju 15,000 lọ, bẹ́ẹ̀ onílé kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ilé. Owó oúnjẹ ọ̀sán ni àwọn ọmọ yìí fi ń dá a.

Síbẹ̀, owó kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 là á sílẹ̀ pé bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ayálégbé olóṣooṣù gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù kan kí a tó ní kí ó kúrò, ọlọ́dọọdún sì gbọ́dọ̀ gba ti oṣù mẹ́fà. Bí ó bá ń lọ, yóò kó ibùsùn rẹ̀, yóò kó ìkòkò rẹ̀. Ẹ wá wo eré ọkọ̀ sísá kan tí ń jẹ́ The Crew. Ilé-iṣẹ́ Ubisoft gbé e jáde ní 2014. Ní oṣù kejìlá 2023 ó kéde pé òun yóò tì í pa, ó sì pa sáfà rẹ̀ ní 31 oṣù kẹta 2024. Ní ọjọ́ náà, ẹni tó fi owó ara rẹ̀ rà á, tó ń dá a ṣe ní yàrá rẹ̀, kò lè ṣe é mọ́. Kò sí ìkòkò tí ó lè kó. Ìbínú ọ̀rọ̀ yìí ni ó bí ìpolongo Stop Killing Games. Ní oṣù keje 2025, ìbuwọ́lùwé lórí ẹ̀bẹ̀ wọn sí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti kọjá mílíọ̀nù kan. Ohun tí wọ́n ń bẹ̀ ni pé bí ilé-iṣẹ́ bá ń lọ, kí ó fi eré sílẹ̀ ní ipò tí àwọn tó rà á yóò ṣì lè ṣe é.

Ní èrò tèmi, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yá sáfà kọ́kọ́ bi onílé: bí a bá ní kí n kúrò lọ́la, ǹjẹ́ mo lè kó ẹrù mi? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú àwọn sáfà eré wà nínú ìdáhùn rẹ̀. Ẹ wo ayò ọlọ́pọ́n: ihò 12, ọmọ ayò 48. Òfin rẹ̀ wà lórí àwọn tí ń ta á. Kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè tì í pa. Bí ọpọ́n bá sọnù, a ó gbẹ́ ihò sílẹ̀. Minecraft súnmọ́ èyí díẹ̀, nítorí pé àwọn tó ni ín fi ètò sáfà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó bá ní ẹ̀dà ìlú rẹ̀ sì lè gbé e lọ sí ilé mìíràn. Irú eré bẹ́ẹ̀ ni yóò pẹ́.

Àbá tí mo fún àwọn ọmọ náà nìyí, wọ́n sì gbà á. Kí wọ́n yá sáfà tó wà ní Èkó, tí a ń fi náírà san owó rẹ̀, ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọdún kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ìlú náà ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan nílé-ẹ̀kọ́, ọ̀kan nílé akọ̀wé ẹgbẹ́. Kí orúkọ ìwọlé wà nínú ìwé ẹgbẹ́, má ṣe jẹ́ ti ọmọ kan tí yóò jáde ìwé lọ́dún tó ń bọ̀. Lẹ́yìn èyí, mo fún wọn ní iṣẹ́ àṣetiléwá: kí kálukú kọ ìtàn apá ibi tí ó kọ́ nínú ìlú náà sórí ìwé.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe rò pé eré lásán ni. Níbi tí àwọn ọmọ wa bá ń kó iṣẹ́ ọwọ́ wọn sí, ibẹ̀ ni ìtàn àti èdè wa ń lọ. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ni ilé, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá ẹ̀dà wà nílé.