Ta Ló Ń Mu Ọ́ìlì Ọkọ̀ Yín? Ẹ Jẹ́ Ká Dé Géètì n'Ìbàdàn

 

Ìjà kan wà tó ti tú àjọṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn ká, ìjà ẹni tó ni ọkọ̀ àti ẹni tó ń wà á. Ọlọ́kọ̀ á ní, "Ọ́ìlì tí mo rà lọ́jọ́ Ajé dà?" Dẹ́rẹ́bà á ní, "Ọkọ̀ ti mu ún." Ọlọ́kọ̀ á bẹ abẹ́ ọkọ̀ wò, kò ní í rí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Ó parí! "O ti tà á nìyẹn! Olè ni ọ́!" Bí ọkọ̀ náà bá tún jẹ́ tòkunbọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, tó sì ti dàgbà kó tó wọ ìlú wa, ìjà yìí kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ rìn dé ibi tí wọ́n ti ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀: Géètì ní Àgódi, n'Ìbàdàn.

Bí ẹ bá ti Èkó bọ̀, tí ẹ sọ̀ ní Ìwó Road, ẹ wọ Micra kan, ọ̀nà ò jìn mọ́. Kí ẹ tó rí ọjà náà rárá ni òórùn ọ́ìlì àtijọ́ ti máa kí yín káàbọ̀. Arárọ̀mí ni wọ́n ń pe ọjà àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ẹ́ńjìnì tò sórí táyà bí ìgbà tí wọ́n to iṣu l'ọ́jà Bódìjà. Àwọn kan ń fi òòlù lu irin, àwọn kan ń ná owó, ìyá olóúnjẹ ń bu àmàlà lẹ́bàá ibẹ̀, gbẹ̀gìrì ń ta sánsán, tí ẹnikẹ́ni ò sì bìkítà pé ọwọ́ òun dúdú. "Bẹ́líjíọ̀mù" ni wọ́n ń pe ẹ́ńjìnì tí wọ́n tú lára ọkọ̀ ní òkè òkun, ìbáà jẹ́ Jámánì ló ti wá. Àwọn ará Èkó ní Ládìpọ̀ tiwọn ní Múṣin, kò burú. Ọmọ Ìbàdàn á sọ fún yín pé ohun tí Géètì ò bá ní, ẹ má dààmú ara yín lórí rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ìyá kan tó ń kó èlùbọ́ láti Bódìjà lọ sí Oyíngbò ti gbé bọ́ọ̀sì rẹ̀ dé. Inú ń bí i. Ó ní gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì onílítà 4 kì í kọjá àlọ àti àbọ̀ Èkó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ pọ́n, kò sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni, kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún.

Ọ̀gá mẹkáníìkì tí wọ́n bá, àgbàlagbà tó ti ń tú ẹ́ńjìnì láti ìgbà ọkọ̀ akẹ́rù Bedford, kò dá sí ìjà wọn. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ọ́ìlì ń gbà kúrò nínú ẹ́ńjìnì: kó jò, kó jó, tàbí kó lọ bá omi rédíétọ̀ ṣọ̀rẹ́. Ẹ̀kẹrin ni olè. Ẹ má fi ẹ̀kẹrin ṣe èkíní."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ibi tí mo ti ń kọ̀wé sí yín lónìí.

Ọ̀gá ní kí àwọn ọmọṣẹ́ fọ ẹ́ńjìnì náà títí gbogbo ọ̀rá rẹ̀ fi lọ. Wọ́n wa bọ́ọ̀sì náà dé Ìwó Road, wọ́n padà, wọ́n sì tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n wá ń tan tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo ojú ibi tí ọ́ìlì máa ń gbà jò: abẹ́ ìdérí òkè, ìdí fílítà ọ́ìlì, nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi ń da ọ́ìlì nù, àti síìlì iwájú àti ti ẹ̀yìn kránkì. Ọ̀gá ní ilẹ̀ tó mọ́ lábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ́ìlì míì wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́ nìkan ló ń jò, nítorí ìgbà yẹn ni agbára ń tì í. Atẹ́gùn á gbé e lọ sí ẹ̀yìn, ojú títì á mu ún, ilẹ̀ ilé yín á sì mọ́ tónítóní.

Páálí gbẹ, kò sí ìjò. Wọ́n ṣí rédíétọ̀, omi mọ́. Wọ́n ṣí ìdérí ọ́ìlì, wọn ò rí nǹkan funfun bí ògì. Omi ò wọnú ọ́ìlì, ọ́ìlì ò wọnú omi. Ó wá ku kó jó.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọ̀gá sọ nípa èéfín, ẹ̀yin tó ń gun ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì. Èéfín dúdú ń sọ pé dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju atẹ́gùn lọ nínú ẹ́ńjìnì. Bóyá fílítà atẹ́gùn ti dí, bóyá ẹnu tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́. Èéfín funfun, dísẹ́ẹ̀lì tí kò jóná ni, tàbí omi. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ tó sì lọ, ẹ má fòyà. Ṣùgbọ́n èéfín tí àwọ̀ rẹ̀ jọ aró tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ́ìlì ló ń jó yẹn.

Ẹ tún ṣọ́ àkókò tó ń jáde. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì láàárọ̀, tó rú tùù tó sì dáwọ́ dúró, síìlì fáàfù lókè ló ti gan. Ọ́ìlì ti kán sílẹ̀ lóru. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ gbé ẹrù tó ń gun òkè, ẹ fura sí rínìgì písítìnì. Bí ọkọ̀ bá ní tọ́bò, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú páìpù rẹ̀ wò. Bí ọ́ìlì bá ń ṣàn nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí síìlì tọ́bò ti lọ. Wọ́n tún gbọ́dọ̀ wo bríídà, ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń mí. Bí ihò yẹn bá dí, ẹ́ńjìnì tó dára pàápàá á máa ti ọ́ìlì jáde lójú gbogbo síìlì, bí ikùn tó wú. Ìwọ̀nba owó ni wọ́n fi ń tún un ṣe, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ti tìtorí rẹ̀ ra ẹ́ńjìnì tuntun.

Bríídà bọ́ọ̀sì ìyá ò dí. Wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnì, wọ́n sì gbé ìdérí ọ́ìlì lé ẹnu ihò rẹ̀ láìdé e. Gbogbo ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ló ń mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ìdérí yìí ń jó bí ọmọrí ìkòkò tó ń hó, ó sì ṣubú. Rínìgì ni. Iná ń gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì sọ̀kalẹ̀, ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ gòkè.

Kí ló jẹ rínìgì? Ọ̀gá ò dúró kí wọ́n bi í. Ó ṣí ilé fílítà atẹ́gùn. Fílítà náà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, eruku pupa sì wà nínú páìpù tó lọ sínú ẹ́ńjìnì. Ó fi ìka nù ún, ó fi han ìyá. "Ìyá wa, eruku yìí àti ọ́ìlì, bí wọ́n bá pàdé, ọlọ ni wọ́n dà. Wọ́n ti lọ rínìgì yín kúnná."

Dẹ́rẹ́bà wá fọhùn, ó rọra sọ ọ́: "Màmá, ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè owó fílítà. Ẹ ní kí n máa gbọ̀n ọ́n."

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá wo fílítà, ó wo ọmọ náà. Ó ní, "Ọmọ mi, má bínú. Mo ti fi olè pè ọ́ lójú ènìyàn, ojú ènìyàn náà ni mo fi ń bẹ̀ ọ́." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí, Màmá."

Kí irú èyí má bàa ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ́ ìṣirò. Òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1978, tó nǹkan bí 127 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó lé díẹ̀ ní 1,000 kìlómítà. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ kì í ka ìdajì lítà sí lítà kan sí àìsàn fún ẹ́ńjìnì àgbà láàárín 1,000 kìlómítà. Lítà 4 tí ti ìyá ń mu, àìsàn ńlá nìyẹn. Ẹ yọ géèjì wò láàárọ̀ kí ẹ tó sítáàtì, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ̀yin àti dẹ́rẹ́bà lójú ara yín. Ìwé á parí ìjà. Bí ọ́ìlì bá sì ń pọ̀ sí i lórí géèjì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu kún un, ẹ má dúpẹ́. Dísẹ́ẹ̀lì lè ti máa wọnú rẹ̀, ọ́ìlì tó ti ṣàn bí omi ò sì lè gba irin lọ́wọ́ irin.

Ewu kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì kì í lo pọ́lọ́ọ̀gì; ooru atẹ́gùn tó fún pọ̀ ló fi ń tanná. Nítorí náà, bí ọ́ìlì bá pọ̀ lọ́nà atẹ́gùn rẹ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ìlì tirẹ̀ sáré. Ẹ á yí kọ́kọ́rọ́, kò ní í kú. Á máa ké sókè sí i ni, èéfín á bo àdúgbò. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ onígíà ọwọ́, kí dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi, kó fi í sí gíà tó ga jù, kó sì jọ̀wọ́ kọ́lọ́ọ̀ṣì kí ẹ́ńjìnì lè kú. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sá jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ dí ẹnu ibi tó ń fa atẹ́gùn o! Ó lè gba ọwọ́ yẹn.

Bí a ti kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá, mo gba ìsọ̀ àwọn ọlọ́ọ́ìlì kọjá. Oògùn oríṣiríṣi wà nínú agolo tí wọ́n ní ó ń dá ọ́ìlì dúró. Òótọ́ ni pé ọ́ìlì tó ki lè dín mímu kù fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí agolo tó ń hu rínìgì tuntun. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù: ọ́ìlì tó bá ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì mu máa ń ní lẹ́tà C níwájú, bíi CF-4 tàbí CI-4, lẹ́tà S jẹ́ ti pẹtiróòlù. Ẹ wo ìdérí rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá wọ́n ti ṣí i rí, nítorí àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń ro ọ́ìlì àlòkù sínú gálọ́ọ̀nù tó dára.

Ìyá ní òun fẹ́ pààrọ̀ rínìgì nìkan. Ọ̀gá ní rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ wọn inú ihò tí písítìnì ń rìn. Bí ihò náà bá ti fẹ̀, owó rínìgì tuntun á ṣègbé. Wọ́n á ní láti gbẹ́ ihò náà fún písítìnì tó tóbi jù ti àkọ́kọ́, tàbí kí wọ́n fi ihò irin tuntun sí i. Bí èyí bá wọ́n ju ẹ́ńjìnì Bẹ́líjíọ̀mù lọ, ẹ́ńjìnì ni kí ẹ rà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n sítáàtì rẹ̀ lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin tó sì fẹ́ ra tòkunbọ̀, ọ̀nà Kútọnú ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Níbikíbi tí ẹ bá ti ń rà á, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnì kí ẹ tó ní kí wọ́n sítáàtì. Bí ó bá ti ń gbóná, wọ́n ti lé èéfín àárọ̀ lọ kí ẹ tó dé nìyẹn. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń padà bọ̀ lọ́la ní kùtùkùtù. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí wọ́n tẹ iná sí i, kí ẹ̀yin sì dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kí ẹ wo èéfín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wo fílítà atẹ́gùn.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ yín bá tún mu ọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ bi ẹ́ńjìnì léèrè kí ẹ tó bi dẹ́rẹ́bà. Owó tí a fi ra fílítà kéré; orúkọ ọmọlúàbí tí a bá fi olè bà jẹ́, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀ ní Géètì.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ̀wé sí wa. Kí ni ojú yín ti rí lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń mu ọ́ìlì? Ó dìgbà o. Ọjà á tà.