Ta Ló Lu Eléyìí?

Gbogbo ẹni tó wà níléèwé wa lọ́dún 2022 ló rántí pé ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejì ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀, tí a sì fi oṣù mẹ́jọ gbáko jókòó sílé. Àwọn kan lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, àwọn kan ń tajà. Èmi wà lọ́dọ̀ àwọn òbí mi l'Ábẹ́òkúta, mo ń fi kíbọ́ọ̀dù kékeré kan pàrònú rẹ́. Ìgbà náà ni mo rí ìkéde ìdíje orin kan: orin tuntun ní èdè abínibí, ohun èlò ìbílẹ̀ kan ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ẹ̀bùn owó wà níbẹ̀, owó sì ni mo ń wá.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni onílù kan tó wá lu dùndún fún wa níbi Ọjọ́ Àṣà ẹ̀ka wa. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń gbé, ọmọ ìdílé onílù ni wọ́n, wọ́n sì fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Bọ̀dá Àyàn ni mo máa ń pè wọ́n. Èmi kò lówó ọkọ̀, àwọn náà kò ráyè, la bá fẹnu kò pé orí fóònù la ó ti ṣe é.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a gbìyànjú láti jọ ṣeré lórí ìpè WhatsApp. Ìyà ni! Ohùn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Bí mo ṣe ń dúró de ìlù wọn ni àwọn náà ń dúró de kíbọ́ọ̀dù mi, orin á máa falẹ̀ títí yóò fi kú. Fóònù tún máa ń ka ìlù sí ariwo, á sì gbé e mì. La bá yí ọ̀nà padà. Èmi á gba kíbọ́ọ̀dù àti ohùn mi sílẹ̀ pẹ̀lú ìró kan tó ń dún ní ìgbà 96 láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á ki íápíìsì bọ etí, wọ́n á máa gbọ́ ọ, wọ́n á sì fi fóònù kejì gba ìlù wọn sílẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pàtẹ́wọ́ mẹ́rin bá ìró náà mu. Àtẹ́wọ́ yẹn ni mo fi ń to tiwọn àti tèmi pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni nǹkan fi ń lọ déédéé. Orin náà dá lórí ìjókòó wa nílé, ègbè rẹ̀ sì ni "Ọkọ̀ wa yóò gúnlẹ̀." Nínú orin tí mo dá, ohùn mi fò sókè lórí "kọ̀." Mo fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá-ìlù dé, ibi tí mo ti gòkè ni ìlù ti sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé wọn kò tíì mọ orin náà dáadáa. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún àgbà, mo bá ṣí Audacity, mo fa ohùn ìlù náà sókè níbẹ̀ kó lè bá tèmi mu. Ó dùn létí mi. Mo fi ránṣẹ́ sí wọn lóru.

Ilẹ̀ mọ́, ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo bá: "Àbúrò, ta ló lu eléyìí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin náà ni, sà."

"Rárá o. Mo fún bàbá mi gbọ́. Wọ́n ní ta ló ni ọkọ́ tó fẹ́ gúnlẹ̀?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, ẹ̀rín náà kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọkọ̀ tí à ń wọ̀ àti ọkọ́ tí à ń fi roko, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Akọrin ṣì ní ẹnu tó fi ń pe ọ̀rọ̀. Ohùn nìkan ni ìlù ní. Bẹ́ẹ̀ mo ti dáhùn ìbéèrè lórí èyí nínú ìdánwò! T. K. E. Phillips, tó máa ń tẹ dùùrù ní kàtídírà l'Ékòó, ti kọ ìwé lórí ọ̀rọ̀ àti orin Yorùbá lọ́dún 1953, àwọn olùkọ́ wa sì ti ṣàlàyé bí orin òyìnbó ṣe lọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá po nínú ìwé orin ìjọ. Mo kọ ọ́, mo yege, mo sì lọ ṣe é fúnra mi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ́ kọ́ ló dùn wọ́n jù. Wọ́n ní, "Bí o bá ti ní kí n tún un lù ni, ǹ bá tún un lù. Ọ̀rọ̀ tí n kò sọ lo fi sí mi lẹ́nu."

Ọjọ́ méjì ni wọn kò fi gbé ìpè mi. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ìdíje parí. Nígbà tí wọ́n gbé e níkẹyìn, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ìpè fídíò, fóònù dúró ti agolo mílíìkì. Wọ́n ní kí n dìde kí n má baà fọ́ fóònù.

A wá dojú iṣẹ́ rú. Wọ́n kọ́kọ́ fi ìlù sọ ègbè náà láìsí orin kankan, mo sì dá orin tuntun tẹ̀ lé e. Ibi tí mo fẹ́ràn bá a lọ. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fún bàbá wọn gbọ́ ìlù náà nìkan, láìsí ohùn mi, mo gbọ́ bàbá lẹ́yìn fóònù tí wọ́n ń dáhùn pé, "Yóò gúnlẹ̀, àṣẹ."

Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tilẹ̀kùn la fi orin náà sílẹ̀. A kò mókè, a kò rówó kankan gbà.

Ègbè méjèèjì ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo ti fún àwọn kan lára ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi gbọ́ ti àkọ́kọ́. Gbogbo yín lẹ ní ó dùn, ẹnì kan kò sì bi mí nípa ọkọ́. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ìdíje tí a kò gbà lọ, torí àwa gan-an la ní à ń kọ́ èdè yìí. Nísinsìnyí, bí iṣẹ́ ẹlòmíràn bá dé ọwọ́ mi tí kò bá tèmi mu, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó ń sọ.