Ilà Méje Lára Àga Bàbá

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń gbé iyàrá kan náà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì la fẹ́ jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ kan lónìí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé bó bá ti di Sátidé, àga àti tábìlì àtijọ́ la máa ń tún ṣe. A kì í fi pawó, a kàn fẹ́ràn rẹ̀ ni. Tábìlì ìkàwé kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, tí ẹnìkan gbé jù sẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì, ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Káfíńtà kan nítòsí géètì yá wa ní ayùn àti òòlù, ó sì kọ́ wa bí a ṣe ń fi sáńpépà ha igi. Ó ní kí a fi nọ́ńbà 80 bẹ̀rẹ̀ torí pé òun ló le jù, kí a bọ́ sí 120, kí a wá fi 220 parí rẹ̀. Ó ní ojú igi ni kí a máa tẹ̀ lé, kí a má dá a lábùú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fáníìṣì yóò tú wa fó. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan ti di tábìlì lọ́wọ́ wa, àkàbà tó kán sì ti di ibi tí à ń to ìwé sí.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, a tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wa lọ sí ilé bàbá rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. A bá àga alápá kan lẹ́yìnkùlé, adìẹ ti sọ ọ́ di ibùsùn. Ìrókò ni. Kò sí ìṣó kan ṣoṣo lára rẹ̀: ẹni tó kàn án gbẹ́ ihò sí igi kan, ó sì ki ẹnu igi kejì bọ̀ ọ́ títí ó fi há pinpin. Ikán ti jẹ díẹ̀ lára ẹsẹ̀ kan, níbi tí igi náà ti funfun. Àárín ìrókò, èyí tó pọ́n, ikán kì í sábà rí i jẹ, ṣùgbọ́n ibi funfun tó sún mọ́ èèpo kò le tó bẹ́ẹ̀.

Màmá àgbà ti lọ sọ́jà. Àbúrò bàbá ọ̀rẹ́ wa la bi. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e jàre, igi ìdáná ló kù tí yóò dà."

A fi aṣọ bo imú, torí lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa ta ni nímú. Lábẹ́ apá ọ̀tún àga náà, a rí àwọn ilà kéékèèké kan tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà. A rò pé ọmọdé kan ló fi ṣeré. A fi nọ́ńbà 80 ha á títí ó fi dán. Inú wa dùn.

Nígbà tí Màmá dé, tí a kí wọn tán, wọ́n rìn lọ síbi àga náà. Wọ́n fi ọwọ́ pa abẹ́ apá ọ̀tún, wọ́n tún un pa. Wọ́n wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ilà ibí yìí dà?"

A ò lè dáhùn.

Bàbá àgbà kò mọ̀wé. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fa ilà kan sí abẹ́ àga wọn. Ilà méje ni. Ọmọ márùn-ún ló dàgbà. Àwọn méjì tó kù kò ní fọ́tò, ọ̀rẹ́ wa kò tilẹ̀ gbọ́ rí pé wọ́n wáyé.

A dọ̀bálẹ̀, a bẹ̀bẹ̀. A ní a ó fa ilà mìíràn. Màmá ní rárá: "Èyí tí ẹ bá fà, tiyín ni. Kì í ṣe tiwọn." Nígbà tó yá, wọ́n ní kí a mú ìwé wá. Wọ́n pe orúkọ àwọn méjèèje, ọ̀rẹ́ wa sì kọ wọ́n sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

A fi igi mìíràn lẹ ẹsẹ̀ àga náà, a sì kun ún. Apá òsì la ò fọwọ́ kàn. Pálọ̀ Màmá ló wà báyìí, orí rẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí.

Nígbà tí a padà dé, a ṣí iṣẹ́ tí a ṣe lórí oríkì tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Gbogbo ibi tí àgbà kan ti tún ọ̀rọ̀ sọ, a ti yọ ọ́. Gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ẹ̀ka èdè wọn, a ti sọ ọ́ di Yorùbá àjùmọ̀lò, kó lè "mọ́". Sáńpépà náà nìyẹn. A dúpẹ́ pé ohùn wọn ṣì wà lórí fóònù, a sì ti tún iṣẹ́ náà kọ.

A kò ní jáwọ́ nínú àga títúnṣe. Ṣùgbọ́n kí a tó ha ohunkóhun báyìí, a máa ń béèrè ẹni tó ni ín àti ẹni tó ń jókòó lórí rẹ̀. Bí ẹni náà bá lọ sọ́jà, a ó dúró dè é.