Fóònù Ọmọ Wa, Ọ̀rọ̀ Wa Ni



Ní àdúgbò Al Taawun ní Sharjah, níbi tí Expo Centre wà, ó ṣòro kí a rí ọmọ wa tí ó ti ń lọ sí ilé ìwé gíga tí kò ní fóònù lọ́wọ́. Òbí ń gba òpópónà Al Ittihad lọ sí ibi iṣẹ́ ní Dubai láti kùtù, fóònù yẹn ni wọ́n sì fi ń mọ̀ bóyá ọmọ ti dé ilé. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n fóònù tí òbí fi ń pe ọmọ, òun náà ni àjèjì fi ń pè é. Ìdí nìyí tí mo fi ya àyè kan sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ kéwú wa ní ọjọ́ Sátidé fún ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì.

Òfin ìlú yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Òfin àpapọ̀ nọ́ńbà 34 ti ọdún 2021, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 2022, ka yíya àwòrán ẹlòmíràn láìgba àṣẹ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn láti 150,000 dé 500,000 dírámù, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọmọ ọdún 13 kan gbé fóònù rẹ̀ jáde: ó ti ya fídíò àwọn ọkùnrin méjì tí wọ́n ń jà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí ilé wọn, ó sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ǹjẹ́ wọ́n mọ̀ pé o ń ya àwọn?"

"Rárá, àáfà."

Mo ní kí ó rò ó pé bàbá òun ni ọ̀kan nínú wọn. Ó ti pa fídíò náà rẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ tán. Owó ìtanràn kọ́ ni ó bà á lẹ́rù. Ojú bàbá rẹ̀ ni ó rí. Ẹni tí ó bá ti ka ẹsẹ 6 àti ẹsẹ 12 nínú Súrà Al-Hujurat mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwádìí ìròyìn àti ọ̀rọ̀ títọpinpin ẹlẹ́gbẹ́ ẹni ti wà nílẹ̀ ṣáájú fóònù. (Àwa àgbà tí à ń fi gbogbo ahesọ ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí ilẹ̀ tó mọ́, kí n má fa tiwa gùn.)

Èyí tí ó le jù ni mo sọ fún àwọn tí ó dàgbà díẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti gba àṣẹ àwọn òbí wọn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan láti Èkó ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọ ọdún 17 kan ní Michigan, wọ́n sì ní kí ó san 1,000 dọ́là, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn yóò tú àṣírí rẹ̀. Ó san 300. Wọn kò dákẹ́. Ọmọ náà gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ yẹn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán àwọn ọmọ ìyá méjì nínú wọn ní ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù 6. Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà mọ̀ pé ọmọ wa lè jẹ́ ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ń halẹ̀.

Ọmọbìnrin kan béèrè pé, "Kí ló dé tí kò sọ fún ìyá rẹ̀?"

Ìbéèrè yìí ni mo gbé lọ sí ìpàdé àwọn òbí. Bàbá kan ní òun yóò fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá fọ́ ti àkọ́kọ́, ẹ kò ní gbọ́ nípa èkejì." Ó pẹ́ kí a tó fẹnu kò. Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ, kí ẹnikẹ́ni má nà án, kí a má sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí a má san kọ́bọ̀, kí a má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ́ nítorí ẹ̀rí ni, kí a sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ti Dubai ní ojú ewé eCrime fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Bàbá yẹn kò tíì gbà délẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò bá bẹ̀rù bàbá rẹ̀ kò ní bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. A ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ń mú ọmọ rẹ̀ wá ní Sátidé-Sátidé.